Bàtà Tútù Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n Kékeré ń sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ tó ti ń retí láti ìgbà tó ti parí ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì, Kékeré gan-an ló sì fà á.

Òjò ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, tàbí ká sọ pé àìrí oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tó lè jókòó ti ẹ̀gbọ́n Kékeré yìí kó má rẹ́rìn-ín. A máa kọrin nílé ìwẹ̀ títí àwọn ará ilé kejì á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí etí àwọn sinmi. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àfi bí ẹni pé wọ́n pa á bí iná. Á sùn, oorun ò ní tó o. Á máa jẹ búrẹ́dì ṣáá, kò ní mọ adùn rẹ̀. Wíwẹ̀ á di ogun. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀, á máa wò ọ́ bí ẹni tó wà lódìkejì odò.

"Ìmẹ́lẹ́ ni," ni ìyá wọn máa ń wí. "Òjò tó ń rọ̀ lé e ló ń rọ̀ lé èmi náà. Àbí òun ni iyọ̀?"

Alágbàfọ̀ ni ìyá náà. Aṣọ ìbùsùn àwọn ilé ìtura ló ń fọ̀, òjò sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí kò bá sí oòrùn, inú ilé ló ń sá wọn. Yàrá ọmọkùnrin náà ló ní fèrèsé tó tóbi jù, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wọlé, nítorí náà ibẹ̀ ló ń ta okùn sí. Bí aṣọ funfun bá ti bo fèrèsé náà, ọ̀sán á di ìrọ̀lẹ́ nínú yàrá. Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ náà ń sùn ní gbogbo ìgbà òjò, kò sì sí ẹni tó rò ó wò nínú gbogbo wọn.

Lọ́dún yìí, ó le débi pé ìyá fúnra rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Kékeré bá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì tó dá wọn lóhùn kì í lọ́ ọ̀rọ̀ po.

"Ṣé ọdọọdún ló ń rí báyìí?"

"Ọdọọdún ni, Nọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ara rẹ̀ á yá."

"Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ nìyẹn, Màmá. Àìsàn ni. Àwọn kan wà, bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti dín kù, ọkàn wọn á rẹ̀wẹ̀sì, oorun á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé rẹ̀. Kó máa jáde rìn láràárọ̀, bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ ṣú. Ìmọ́lẹ̀ ìta, tòun ti ìkùukùu, ó ju ti gílóòbù inú yàrá lọ. Bí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀, ẹ tètè mú un padà wá. Ìtọ́jú míì wà."

"Ó ti dàgbà o, Nọ́ọ̀sì. Ṣé kò lè dá rìn ni?"

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí á máa fà á dìde."

Ẹni náà ni Kékeré. Ìyá wọn kì í sí nílé láàárọ̀. Ìgbà yẹn ló ń ru aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Ó tú okùn kúrò ní yàrá ọmọ rẹ̀, ó ta á sí tirẹ̀. Òun ló wá ń sùn sábẹ́ aṣọ tútù, kò sì pẹ́ tí ikọ́ fi gbé e dè. Kò ráhùn.

"Kó ṣáà lè ṣe ìdánwò yẹn," ló wí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì akérò ṣe ló fẹ́ gba mẹkáníìkì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà kẹ́yìn, wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọdún yìí ni ẹ̀gbọ́n Kékeré pé e. Bí èyí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Kékeré ká aṣọ ìbora lórí rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde."

"Kékeré, fi mí sílẹ̀."

"N ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bàtà yín."

Wọ́n rìn dé orí afárá, wọ́n padà. Ọmọkùnrin náà ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó dorí kodò. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ láràárọ̀, títí di ọjọ́ kan tó ṣàdédé dúró lórí afárá náà, tó tọ́ka sí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kọjá.

"Ẹ́ńjìnnì yẹn ń sunkún," ló wí. "Ẹni tó ń wà á rò pé orin ló ń kọ."

Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwàdà náà dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ̀kan lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì ni Ẹnu-ò-sinmi rí wọn. Ọmọ kíláàsì Kékeré ni, kò sì sí ẹni tó ń fẹ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

"Olùṣọ́ àgùntàn!" ó pariwo láti òdìkejì títì. "Àgùntàn rẹ ti mumi?"

Kí wọ́n tó jáde ìsinmi lọ́jọ́ náà, gbogbo kíláàsì ti ń ké bí àgùntàn bí Kékeré bá ti ń kọjá. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń gbóná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ká aṣọ ìbora mọ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ sùn díẹ̀ sí i?"

"Jọ̀ọ́."

"Ó dáa, ẹ sùn."

"O ṣeun, Kékeré."

Ṣùgbọ́n ìyá wọn á béèrè. Kékeré mú bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tì í bọ inú omi òjò tó dúró lẹ́yìn ilé, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ìyá dé, ó fọwọ́ kan bàtà náà.

"Ẹ ti lọ? Ọmọ dáadáa. Ìwọ náà ò ní wá ẹni tí á tì ọ́ lẹ́yìn tì."

"Àmín, Màmá."

Irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń há lọ́fun. Àwọn tó kù á máa yọ̀ lọ fúnra wọn. Bàtà ń tutù lójoojúmọ́, ẹni tó ni bàtà kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún rì padà.

"Rírìn yìí ò ṣiṣẹ́ o," ni ìyá wí lọ́jọ́ kan. "Ká tún lọ bá nọ́ọ̀sì?"

Ẹ̀rù ba Kékeré pé nọ́ọ̀sì á béèrè ọ̀rọ̀. "Màmá, ara wọn ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó."

Ọjọ́ ìdánwò dé, òjò ń rọ̀. "Jí i o," ni ìyá wí kó tó ru ẹrù rẹ̀. "Má fi í sílẹ̀ títí á fi wọ géètì wọn."

Kékeré kan ilẹ̀kùn. "Bọ̀ọ̀dá, ìdánwò o!"

"Mo ti dìde."

Kò dìde. Kékeré mọ̀, nítorí kò gbọ́ kí bẹ́ẹ̀dì dún. Ṣùgbọ́n Ẹnu-ò-sinmi ti dúró níta pẹ̀lú agbòjò. "Ṣé ilé ìwé lò ń lọ lónìí, àbí pápá lò ń da ẹran lọ?" Kékeré sáré ti bàtà bọ omi, bó ṣe ti mọ́ ọn lára, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó sì sá sábẹ́ agbòjò náà.

Ìpín méjì ni wọ́n pín ìdánwò yẹn sí. Ẹni tí kò bá ti àárọ̀ lè bá ti ọ̀sán. Òjò lé ìyá wọn padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ká ní ó ṣílẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ náà ìbá ṣì bá ìdánwò ọ̀sán. Bàtà ló rí. Ó tutù. Ó rò ó pé ọmọ òun ti lọ, ó ti dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dún. Bí ikọ́ bá gbé e, á fi aṣọ di ẹnu. Ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn náà, ó ń ṣọ́ oorun ọmọ rẹ̀ títí àsìkò fi kọjá.

Kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti ilé ìwé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde síta.

"Bàbá mi!" Ìyá wọn dìde. "Ṣé wọ́n fún ọ ní ẹ́ńjìnnì tú?"

"Mi ò lọ, Màmá."

"O ò lọ bí i ti báwo? Bàtà rẹ tutù!"

Ọmọkùnrin náà wo bàtà ọ̀hún bí ẹni tí kò rí i rí. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí Kékeré.

"Èmi ni mò ń tì í bọ omi," ló wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

Ìyá náà kò nà án. Ó padà jókòó. "Èmi tí mo lè jí i," ló wí. "Mo di ẹnu ara mi kó má baà jí."

"Ẹ má bá a wí, Màmá," ni ẹ̀gbọ́n Kékeré sọ. "Èmi náà ni mo fẹ́ sùn."

"Ìwọ, ara rẹ ò yá. Òun ńkọ́?"

Wọ́n padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó fún ọmọkùnrin náà ní ìtọ́jú míì, ara ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá kí òjò tó dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì pe Kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ kọ́ lo fa àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ. Má gbé ìyẹn rù. Ṣùgbọ́n irọ́ tó o pa, ìwọ lo ni ín. Ká ní o sọ pé ó ti sú ọ, wọn ì bá wá ẹlòmíì."

Kò sí ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ẹrù rẹ̀ bá sì wúwo jù fún ọ, ké sí ẹlòmíì. Má ju ẹrù sílẹ̀ kó o máa díbọ́n pé o ṣì rù ú. Àwọn tó ò ń tìtorí ẹ̀rín wọn ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ gbàgbé rẹ. Sáà yẹn kò tíì parí tí Ẹnu-ò-sinmi fi rí ẹlòmíì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá wọn lọ bẹ ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ní kí wọ́n dúró de ìgbà míì. Nígbà tí ìgbà míì dé, ọmọkùnrin náà ti ju iye ọdún tí wọ́n ń gbà lọ. Táyà ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí báyìí níwájú géètì wọn. Ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn mẹkáníìkì tó ń wọlé. Òun kò wọ ibẹ̀ rí.