Ẹ̀rọ Tí Ò Mọ Ọ̀rẹ́

"Morádéún, mo ti sọ fún ẹ, mi ò ní ki ọwọ́ bọ ibẹ̀!"

Láti àárọ̀ ni Ejiro ti ń pariwo ọ̀rọ̀ kan náà nínú kíláàsì wọn ní Ajégúnlẹ̀, bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó ti sú u pátápátá.

Ẹ jẹ́ n tú u palẹ̀. Ọdún 1973 ni, ọdún tí Íjíbítì àti Ísírẹ́lì jà. Rédíò ní àwọn sójà ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ dáná sun táńkì ogun, odindi irin gìrìwò! Morádéún ọ̀rẹ́ Ejiro gbọ́ ọ, kò sinmi mọ́. Ó ní òun máa ṣe táńkì tó máa gbá rọ́kẹ́ẹ̀tì dànù kó tó kàn án, káwọn tísà wá wò ó. Ó fi agolo bísíkíìtì ṣe táńkì, ó de pákó mọ́ iwájú ẹ̀, ó fi rọ́bà táyà fà á le. Ó wá na òwú kan síwájú. Ohunkóhun tó bá kan òwú yẹn, pákó á ta, gbàù! Igi tó pè ní rọ́kẹ́ẹ̀tì á fò sọnù.

Ó ṣiṣẹ́ o! Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ejiro ló ń to àwọn sójà alámọ̀ sí iwájú táńkì, pákó ò sì mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí rọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Yọ rọ́bà yẹn fún mi," Ejiro ní, "kó wà lọ́wọ́ mi títí màá fi kúrò níbẹ̀. Bí bàbá mi tó ń ṣe mẹkáníìkì bá fẹ́ wọ abẹ́ lọ́rì ní Creek Road, wọ́n á kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, wọ́n á tì í bọ àpò ara wọn. Dẹ́rẹ́bà ọ̀hún ì báà jẹ́ àbúrò wọn!"

"Àbẹ́gì! Ká máa yọ ọ́, ká tún máa fi í padà? Àwọn tísà ti ń dúró níta, kò ní pẹ́ sú wọn."

Dickson, aláwàdà kíláàsì, bẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. "Sójà tó ń sá fún pákó! Ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀!"

Ni gbogbo wọn bá hó yèè: "Ojo! Ojo!"

Ejiro pòṣé. Ojú abẹ ò ṣeé pọ́n lá, ó mọ̀ ọ́n. Ìdánwò àṣejáde wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn wọ̀ ọ́ lára, ló bá ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ibẹ̀.

Gbàù!

Ìka méjì kán. Nígbà tí bàbá ẹ̀ dé ọsibítù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Ọwọ́ ta ni rọ́bà wà?"

Ní Mọ́ńdè, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kọ̀wé, òun jókòó sílé, ó ń wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ìdánwò tiẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Morádéún wá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀. "Ejiro, jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ pé ìwọ ni."

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí. Ìwọ ńkọ́?"

Morádéún bú sẹ́kún.

Ejiro mí kanlẹ̀. "Dìde jàre. Èmi náà ni mo jẹ́ kí ariwo ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́. Ìbéèrè wo ni wọ́n bi yín? Kà á fún mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ààbò tó ń ṣe ẹni ẹ̀gbẹ́ yín léṣe, ẹ má pè é ní ààbò. Bí wọ́n bá sì ń pè yín ní ojo torí pé ẹ ò fẹ́ fara pa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹnu á rẹ̀ wọ́n, ìka yín á ṣì pé.