Fílítà Inú Ọ̀rá Dúdú

"Dọ̀tun, ṣé ọwọ́ rẹ ti tó o?"

"Ó ti tó o, Màmá. Ẹ ti abọ́ yẹn súnmọ́ mi díẹ̀ sí i."

Lábẹ́ ọkọ̀ ni ohùn Ayọ̀midọ̀tun ti ń jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn síta. Florence, ìyá rẹ̀, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, ó ń na irinṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń béèrè fún un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ilé-ìwé sílẹ̀ ni.

Kó tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ti da gbogbo ohun tó wà nínú àpò irinṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ṣa èyí tó fẹ́ lò lọ́tọ̀: sípánà tó bá bóòtù ìdí ẹ́ńjìnnì mu gẹ́lẹ́, abọ́ tí ọ́ìlì àtijọ́ yóò dà sí, àkísà gbígbẹ, àti bẹ́líìtì awọ kan tí yóò wé mọ́ fílítà lára kó lè rí i yí. Ó ti òòlù àti súkúdíráfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn kan máa ń fi súkúdíráfà gún fílítà ní àgúnyọ kí wọ́n tó tú u, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn ti sọ pé iṣẹ́ aláìnísùúrù nìyẹn. Ọkọ̀ títúnṣe ni Dọ̀tun yàn nílé-ìwé nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yan aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, òun gan-an sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní gáréèjì Ọ̀kà, Florence nìkan ni obìnrin tó ń wa èrò lọ sí Ìkàrẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Ọláòtán, awakọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní ọkọ̀ kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀, pé kò ní pẹ́ tí obìnrin náà yóò fi tà á. Kò tà á. Nígbà tí mẹkáníìkì rẹ̀ wá rin ìrìn-àjò, Florence dúró láàárín gáréèjì, ó fọ́nnu.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nítorí mẹkáníìkì mi," ló wí. "Ọmọ tí mo fi inú mi bí ló máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ọkọ̀ mi. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, ẹ óò rí wa níbí."

Dọ̀tun gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá fi lè kọṣẹ́ ní ọ̀sán Sátidé yẹn, orúkọ ìyá òun ni wọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ kiri gáréèjì.

Fílítà àtijọ́ bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó dúdú, ó ń kán ọ́ìlì. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó wé e sínú ọ̀rá dúdú kan.

"Fetí sílẹ̀ dáadáa," ni Florence sọ. "Ẹni tó ta ọkọ̀ yìí fún mi ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ti ọkọ̀ mìíràn ló gbé sínú ẹ̀. Tó o bá dé Ìkàrẹ́ lọ́la láti ra fílítà tuntun, má wulẹ̀ dárúkọ ọkọ̀ fún wọn. Fílítà àtijọ́ yìí ni sáńpù tí wàá gbé síwájú wọn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí etí gbọ́ lálẹ́ ilé, ojú ayé lè mú kí ọkàn gbé e tà lójú ọ̀nà.

Aṣọ funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló wọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé. Ó jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó gbé ọ̀rá dúdú náà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Àkùngbá, Precious, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọlé pẹ̀lú ọmọ yunifásítì méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́fínńdà wọn gba inú ọkọ̀ kan. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi fún imú pọ̀.

"Abeg, kí ló ń rùn bí abẹ́ tírélà báyìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Precious wo ilẹ̀, ó rí ọ̀rá náà, ó rí ọ́ìlì tó ti ń jò lára rẹ̀.

"Dọ̀tun, ṣé tìẹ nìyẹn?"

"Tèmi kọ́," ni Dọ̀tun dáhùn kíákíá. "Mo bá a níbẹ̀ ni."

Ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ní Ìkàrẹ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ kẹ́yìn àwọn yòókù. Ó yọ ọ̀rá náà jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jù ú sẹ́yìn kíóòsì kan níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ koríko, ó sì sáré bá Precious bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fílítà kì í ṣe ohun àràmàǹdà, pé òun ti fi ojú rí i, òun ti fi ọwọ́ kàn án.

Alhaja Mọ́nsúrátù ló ni ṣọ́ọ̀bù páàtì tí ìyá rẹ̀ rán an lọ. Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ òfìfo.

"Sáńpù ńkọ́, ọmọ mi?"

"Mo mọ orúkọ ọkọ̀ náà, mà." Dọ̀tun sì dárúkọ rẹ̀.

"Orúkọ ọkọ̀ kọ́ ni orúkọ ẹ́ńjìnnì o. Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an ló ṣì wà nínú ẹ̀?"

"Òun náà ni, mà."

Irọ́ kejì nìyẹn, kò sì tíì jẹun òwúrọ̀.

Alhaja to fílítà mẹ́ta síwájú rẹ̀. Dọ̀tun gbé èyí àkọ́kọ́, ó fi ìka tẹ rọ́bà etí rẹ̀, ó ní ó ti gbẹ. Ó gbé èkejì, ó fi imọ́lẹ̀ wo inú rẹ̀, ó ní wọn kò jó o pọ̀ dáadáa. Ó mú ẹ̀kẹta.

"Háà! Ta ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí?" ni Alhaja béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín.

Inú Dọ̀tun dùn, orí rẹ̀ wú. Ó yan fílítà tó dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóòótọ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìyá rẹ̀.

Nígbà tó délé, fílítà tuntun náà wọlé, ó sì yí. Ó kàn dà bíi pé rọ́bà rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ojú ibi tó yẹ kó jókòó sí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó yọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi bẹ́líìtì fún un pọ̀ sí i, ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe láé. Ó da ọ́ìlì sí i, ìyá rẹ̀ ṣáná sí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Florence jó yí ọkọ̀ ká.

Ní gáréèjì, Florence wọlé bí ìyàwó tuntun, ó sì fi ọwọ́ hàn wọ́n pé ọmọ òun rèé. Èrò kún ọkọ̀. Ìyá àgbà kan tó ti Ẹ̀pìnmì wá jókòó síwájú, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé itan. Florence ṣáná. Dọ̀tun dúró sílẹ̀ láti juwọ́ sí wọn, ojú rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Ọ́ìlì ń kán, tó, tó, tó.

Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Ọ̀nà tó já láti orí òkè Ọ̀kà lọ sí Àkùngbá ni ọkọ̀ náà fẹ́ gbà, Dọ̀tun sì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì bá tán nínú rẹ̀ máa ń gan lójijì.

"Kí lò ń wò níbẹ̀?" ni Florence béèrè látojú fèrèsé.

"Kò sí nǹkan" ti dé ètè rẹ̀. Ọmọ kékeré tó wà lórí itan ìyá àgbà náà ń juwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde.

"Màmá, ẹ pa á! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èrò, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Florence pa ẹ́ńjìnnì. Dọ̀tun kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Fílítà náà kọ́ ni ti ẹ́ńjìnnì yìí. Mo ju sáńpù nù sórí ààtàn ní Ìkàrẹ́, torí àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, ojú sì tì mí. Mo parọ́ fún Alhaja náà. Ẹ̀bi ìyá mi kọ́ o, èmi ni."

Ọláòtán pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Mo ti wí! Ẹ̀yin èrò, ẹ máa bọ̀ nínú ọkọ̀ tèmi." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Florence kò lu ọmọ rẹ̀. Ì bá sàn fún Dọ̀tun kó lù ú. Ìyá náà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì dúró níwájú rẹ̀.

"Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀, Dọ̀tun. Nǹkan tó o sọ sórí ààtàn yẹn ló ń bọ́ wa. Lọ mú un wá."

Ó lọ. Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìkàrẹ́, ó yà sí ẹ̀yìn kíóòsì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì túlẹ̀ láàárín awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdọ̀tí títí ó fi rí i. Ọ̀rá ti ya, ó sì jù ú sílẹ̀. Fílítà náà ló gbé lọ́wọ́ lásán, ní gbangba, tí ọ́ìlì ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Lẹ́bàá títì ló ti pàdé Precious.

"Dọ̀tun! Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yìí?"

"Fílítà ọkọ̀ ìyá mi ni. Mo parọ́ fún ọ láàárọ̀, tèmi ni. Èmi ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀."

Precious wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì. Ó béèrè pé, "Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi," ni Dọ̀tun dáhùn, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Alhaja Mọ́nsúrátù gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀. Ó wá inú àpótí títí ó fi mú fílítà kan jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sáńpù náà. Dọ̀tun gbé rọ́bà ara wọn kanra, ó ka ìlà tí wọ́n fi ń yí wọn wọlé, ó sì mi orí. Wọ́n bára mu.

Gáréèjì náà ni Dọ̀tun ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, lójú gbogbo wọn. Ó yan abọ́, ó yan àkísà, ó yan bẹ́líìtì rẹ̀. Ó tú fílítà tí kò bá ẹ́ńjìnnì mu náà, ó nu ojú ibẹ̀ títí ó fi ń dán, ó fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà etí fílítà, ó sì fi ọwọ́ lásán yí i dé ibi tó yẹ, kò fún un jù. Àwọn awakọ̀ yí i ká. Wọ́n ṣáná, wọ́n dúró. Ọláòtán, tó ti lọ Ìkàrẹ́ tó sì ti dé, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìwé funfun nu abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn. Funfun ló ṣì wà. Ó rọra ká ìwé náà sápò.

Florence gbé ohùn sókè. "Ọmọ mi ló ṣe ọkọ̀ yìí! Ó kọ́kọ́ ṣe é kò dáa, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, òun náà ló sì tún un ṣe. Ta ló ń lọ Ìkàrẹ́?"

Àwọn èrò ń wo ara wọn lójú. Ìgbà náà ni ẹnì kan dìde lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ibojì, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìyá àgbà ará Ẹ̀pìnmì ni. Kò bá ọkọ̀ kankan lọ láti ọ̀sán.

"Màmá, ẹ ṣì wà níbí?" ni Florence béèrè pẹ̀lú ìyanu.

"Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè," ni ìyá àgbà náà dáhùn. "Ọkọ̀ tó ń lọ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè kúnlẹ̀ láàárín gáréèjì, tó sọ ẹ̀bi ara rẹ̀ síta kí n má baà kú, ọkọ̀ tó bá fọwọ́ kàn ni mo fẹ́ wọ̀." Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ fi kún.

Dọ̀tun wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú, ó wo aṣọ funfun tó ti bàjẹ́, kò sì wá ibi tí yóò fi wọ́n pamọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́: iṣẹ́ tó ń mú ọwọ́ dọ̀tí kò ní kí ojú ti ẹnikẹ́ni, irọ́ tí a fi bò ó ló ń sọni di ẹni yẹ̀yẹ́. Àṣìṣe kò kan ọgbọ́n. Ẹni tó bá sì jẹ́wọ́ tirẹ̀ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà, òun ni àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀mí wọn lé lọ́wọ́.