Wọ́n Ti Lọ Sinmi

Ní ọdún 1962, ọkùnrin kan wà ní Lálúpọn tí ń jẹ́ Ọláníran. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ àwọn tí ń ra kòkó. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í jalè. Ìyàwó rẹ̀, Motúnráyọ̀, ń rán aṣọ. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Bí o bá pàdé wọn lójú pópó, ìwọ náà yóò sọ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n.

Mo tètè sọ èyí kí ìwọ tí ń ka ìwé pélébé yìí má baà rò pé ìtàn ọ̀mùtí paraku tàbí ti apànìyàn ni, kí o sì kà á bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Ohun tí tọkọtaya yìí fẹ́ràn jù ni ìrìn àjò afẹ́. Ọláníran ní mọ́tò kékeré kan, irú èyí tí a ń pè ní ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kì í sì í mu omi bíi ti àwọn ọkọ̀ yòókù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára. Nítorí náà kì í hó lójú ọ̀nà. Ọláníran a máa fi èyí yangàn. Ó máa ń sọ pé ọkọ̀ tí òùngbẹ kì í gbẹ ni òun ní, ta ni yóò wá dá òun dúró?

Bí Sátidé bá ti dé, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a lọ. Wọn a lọ wo sinimá ní Ìbàdàn, wọn a sì sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n lọ sí Àgbádárìgì, wọ́n kọjá ibodè dé Kútọnu. Nígbà tí wọ́n sin àbúrò ìyá Ọláníran, wọn kò rí i pè, nítorí Kútọnu ni ó wà. Ṣùgbọ́n etí òkun Èkó ni wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọn a jókòó lábẹ́ àgbọn, pẹ̀lú ìgò bíà tí a rì sínú yìnyín, wọn a máa wo omi. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lù ní Lálúpọn, etí wọn kò sí nítòsí.

Ọláníran kì í pe èyí ní fàájì. Ìsinmi ni ó ń pè é. "A ń lọ sinmi," ni yóò sọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó máa ń wí tí wọ́n bá ń padà sí ìlú wọn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn àgbà wa, ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti lọ sinmi, a kì í gbé oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́.

Ìyá Ọláníran, Gbọ́njúbọ́lá, ń gbé ní abà Ìdí-Òro, kò jìnnà sí Lálúpọn. Níbẹ̀ náà ni Josiah wà, ọ̀rẹ́ Ọláníran láti kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi kan náà ni wọ́n jọ lọ. Ọláníran di akọ̀wé. Josiah di àgbẹ̀, ó sì fi ọkàn rẹ̀ fún Jésù.

Ní ọjọ́ kan, Josiah bá Ọláníran níbi tí ó ti ń fọ ọkọ̀. Ó sọ fún un pé orí ilé màmá ń jò, pé màmá ń béèrè rẹ̀, àti pé òun náà ní ohun tí òun fẹ́ bi í.

"Níran, bí ọkọ̀ yìí bá dojú dé lónìí, níbo lo máa jí sí?"

"Ní hòtẹ́ẹ̀lì ni. Mo ti ní kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè mí."

"Mi ò bá ọ ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Wòlíì abà, o ò tíì gun ọkọ̀ yìí rí, o ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa rẹ̀. Jẹ́ kí n gbádùn ara mi ná. Tí orúnkún bá ń dùn mí, tí mi ò lè wakọ̀ mọ́, iwájú pátápátá ni n ó máa jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ lo máa bẹ̀ mí pé kí n sún sẹ́yìn díẹ̀."

Motúnráyọ̀ rẹ́rìn-ín láti inú ilé. Josiah gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. "Ikú kì í dúró de orúnkún," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣàkíyèsí pé Ọláníran kò sọ pé kò sí Ọlọ́run. Kò sọ pé òun kò ní ronú pìwà dà láé. Ohun tí ó sọ kò ju pé ó di ọjọ́ mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti kó àwọn èèyàn wọ ọ̀run àpáàdì ju ìbọ̀rìṣà lọ.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Keje, tí òjò ti ń rọ̀ láti àná, wọ́n tún di ẹrù wọn. Bí wọ́n ti ń ṣí ọkọ̀, aládùúgbò wọn, Mùsílímátù, tí ó máa ń ra gàrí ní àwọn abà lọ tà ní ọjà Ṣáṣá, wá jíṣẹ́ pé màmá ní kí Ọláníran wá lọ́la. Ọláníran dá a lóhùn láti ojú fèrèsé ọkọ̀: "Ẹ ní a ti lọ sinmi, ní Èkó. A ó yà kí wọn tí a bá ń bọ̀."

Rántí ohun tí mo sọ nípa ọkọ̀ náà, pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ ti sún síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ wá ṣe déédéé ibi tí Mùsílímátù dúró sí, ariwo sì bo ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn mọ́lẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ ni pé wọ́n ti lọ sinmi, ní Èkó. Ìyẹn náà ni ó rán Sàníù, àgbẹ̀ abà Ìdí-Òro tí ó bá pàdé ní ibùdókọ̀, pé kí ó sọ fún ìyá Ọláníran. Òjò ń pa obìnrin náà, lọ́rì Ṣáṣá fẹ́ gbéra, ó sì fajú ro. Sàníù wo ojú tí ó fi sọ ọ́. Kò béèrè nǹkan kan.

Nígbà tí ó dé abà, ó ṣí fìlà rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ó sọ fún Gbọ́njúbọ́lá pé kí ó mú ọkàn le, pé Ọláníran àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ sinmi, ní Èkó. Ta ni kò mọ bí ọ̀nà Èkó ti rí nígbà òjò? Ìyá náà kò béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún àwọn méjì tí ń jẹ ẹja sísun létí òkun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Olúwa, Ọláníran fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n odò abà ni ó ti kọ́ ọ. Nínú odò tiwa, ibi tí omi bá ti ń pariwo, òkúta wà níbẹ̀; ibi tí ó bá parọ́rọ́ ni a máa ń lúwẹ̀ẹ́ sí. Òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì a máa ti omi wá sí èbúté láìdúró, omi náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà. Omi náà a máa kóra jọ sí ojú kan láàárín ìgbì, a sì gba ibẹ̀ padà sínú agbami. Ojú ibẹ̀ a dàbí ẹni pé kò sí ewu, nítorí ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀. Ibi tí ó rọ̀ jù lójú ni ó ń fà jù lábẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni Ọláníran yàn. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó má jìnnà. Ó ní omi náà kò ní ìjà nínú. Kò pẹ́, ó wẹ̀yìn, ó rí i pé àwọn igi àgbọn ti kéré. Ó kọjú sí èbúté, ó lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, wọ́n sì ń kéré sí i. Motúnráyọ̀ dúró lórí yanrìn. Ó ń wo orí ọkọ rẹ̀ tí ń hàn, tí ń pòórá, tí ń hàn. Àwọn apẹja Ègùn kan ni wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi wọn lé e, tí wọ́n sì fà á wọlé bí ẹja.

Nígbà tí ó bi omi iyọ̀ inú rẹ̀ tán, ó béèrè bíà. "Òkun fẹ́ mọ orúkọ mi ni," ni ó wí. Ṣùgbọ́n kò dúró gbà á; ó dìde, ó lọ ṣí ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, Motúnráyọ̀ kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ẹ jẹ́ ká yà kí màmá kí a tó délé."

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé odò Ìdí-Òro. Igi gẹdú ni wọ́n fi ṣe afárá rẹ̀, kò lè gba ọkọ̀, nítorí náà wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Bí wọ́n ti sún mọ́ abà, wọ́n gbọ́ ẹkún. Ọláníran yára rìn síwájú. Ó rò pé màmá ti kú kí òun tó dé. Ó dúró lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná, ó ń wá agbára tí yóò fi wọlé. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, tí ń fi oríkì pe òkú: "Àkànní, o ò tilẹ̀ yà kí mi."

Òun, Ọláníran, ni Àkànní.

Ìyá náà sì sọ pé: "Josiah, ìwọ lo mọ inú rẹ̀. Bá mi sọ pé ọmọ mi ti sinmi, kí n lè gbà."

Sàníù ló gba ọ̀rọ̀ náà, ó ní ọmọ dáadáa ni Ọláníran, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà tún bẹ Josiah.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ni Josiah wí. "Wọ́n ní wọ́n ti lọ. N kò lè sọ pé wọ́n ti sinmi. Mo bi í níbo ló máa jí sí, hòtẹ́ẹ̀lì ló dárúkọ fún mi."

Ẹkún dá. Lẹ́yìn ògiri, Ọláníran di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Òkun kò bà á lẹ́rù tó èyí. Nínú òkun, ó ṣì ń rò pé òun yóò bọ́. Níhìn-ín, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù sì ti wá inú ayé rẹ̀ títí, kò rí ohun rere kan tí yóò fi tu ìyá rẹ̀ nínú.

Ó jáde sí gbangba. Ẹnìkan sọ pé, "Àkúdàáyà," agbo sì tú ká. Àpótí ìjókòó dojú dé, Sàníù gba inú oko kòkó lọ. Josiah dìde, ṣùgbọ́n kò sá. Ìyá Ọláníran kò sá, nítorí ọmọ rẹ̀ ni.

"Àkànní," ni ó wí, "bí o bá jẹ́ òkú, má sún mọ́ wọn. Èmi ni kí o wá bá."

Ọláníran dọ̀bálẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ pa á lórí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Erùpẹ̀ ibo lèyí?"

"Yanrìn òkun ni, Màmá. N kò kú. Ó kù díẹ̀." Nígbà náà ni ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Josiah, ohun tí o sọ lẹ́yìn mi, ṣé o lè sọ ọ́ lójú mi?"

Josiah sọ ọ́ lójú rẹ̀. "O ò tíì sinmi, Níran. O kàn ń rìn kiri ni."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ìsinsìnyí."

Josiah wá jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó sì sọ fún un bí Jésù ti pe gbogbo àwọn tí ó ti rẹ̀, tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn, pé kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun, òun yóò sì fún wọn ní ìsinmi. Ó ṣàlàyé pé a kì í fi agbára lúwẹ̀ẹ́ dé inú ìsinmi náà. Jésù ti san gbogbo ìyà ẹ̀ṣẹ̀ lórí igi àgbélébùú. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tí ń rì ní láti ṣe ni kí ó jẹ́ kí a di òun mú. Motúnráyọ̀, tí ó ti tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ jáde, kúnlẹ̀ kí Josiah tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní etí òkun ni òun ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà kan, òun kò mọ bí wọ́n ti ń parí rẹ̀.

Àdúrà Ọláníran kò gùn. "Jésù Olúwa, mo ti sá fún ọ dé ibi tí ilẹ̀ parí sí. Mo jẹ̀bi. Fi ẹ̀jẹ̀ rẹ wẹ̀ mí. Má jẹ́ kó di ọ̀la."

Kò ta ọkọ̀ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Páànù tuntun ni ó kọ́kọ́ fi í rù lọ sí etí odò Ìdí-Òro, òun àti Josiah sì kan òrùlé màmá kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó dé.

Ṣùgbọ́n ìwọ ńkọ́, ìwọ tí o ka ìtàn yìí dé ibí? Ọláníran pa dà wá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa òkú rẹ̀. Ìwọ kò ní pa dà wá gbọ́ tìrẹ. Bóyá ibi tí o wà báyìí parọ́rọ́, iṣẹ́ ń lọ, ara le, ilé tòrò, o sì rò pé nítorí bẹ́ẹ̀ kò sí ewu. Wẹ̀yìn wò. Ǹjẹ́ èbúté kò ti kéré?

Ronú kan ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́ dáadáa, tí kì í purọ́. Bí wọ́n bá gbé òkú rẹ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ òní, tí ìyá rẹ sì di aṣọ onítọ̀hún mú pé kí ó sọ ibi tí ọmọ òun wà, kí ni yóò rí sọ? Má ṣe fi í sínú ìdààmú bẹ́ẹ̀. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí pọ̀, sọ fún Jésù pé o jẹ̀bi, kí o sì ní kí ó gbà ọ́. Ó ń gbọ́. Èémí tí o fi ń kà á yìí ni ìwọ ní. Èyí tí yóò tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí rẹ̀ fún ọ.