Sun, Sún, Sùn

Òórùn àgbàdo sísun ló ń jáde lára ìrọ̀rí Màmá Joanna, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dáná nínú ilé. Oyíndà, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tún fa imú sí i. Àgbàdo ni, àgbàdo gidi, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti fẹ́ jóná. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí màmá. Ó gbóná janjan.

Láti ìgbà tí màmá ti dé Springfield Gardens, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú ní Queens lókè òkun, láti Ìjẹ̀bú ni oorun kò ti kùn ún. Bàálù á kọjá lórí òrùlé, ife á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, màmá á sì lajú sílẹ̀ bí ẹja. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí kò bá tètè rí oorun sùn, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Olúsànmí, bàbá Oyíndà, tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, ra oògùn wálé. Pàbó ló já sí. Lọ́sàn-án yìí ni màmá wá ní kí Oyíndà gbàdúrà fún òun. Ọmọ tí wọ́n bí sí Queens kúnlẹ̀, ó ní, "Olúwa, jẹ́ kí Màmá sun." Kò pé tí òórùn náà fi dé.

"Sun bí i ti kí ni?" Màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé àgbàdo ni mí?"

Olúsànmí bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ibà lásán ni. Ọlọ́run ò ní tìtorí àṣìpè sun yín."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé ìwọ àti Ọlọ́run jọ ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ẹ̀rù ba Oyíndà. Ó pariwo àdúrà náà sókè: "Jẹ́ kí Màmá sún!"

Bẹ́ẹ̀dì kùn gìrìrì, ó kúrò lára ògiri. Bàálù kankan kò kọjá. Olúsànmí dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: kò ní táyà, ilẹ̀ kò sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tó dìde, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ohùn ni, Dádì," Oyíndà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni, bí mo ṣe ń pè é ló ń yí i. Ohùn sì ṣeé wọ̀n."

Ó ṣí áàpù tí àwọn onígìtá fi ń yẹ okùn wò, ó gbé fóònù lé orí bẹ́ẹ̀dì. Bí ohùn bá gòkè, ìlà pupa á gòkè. Bó bá wálẹ̀, ìlà á wálẹ̀.

"Ẹ pè é, mà."

"Sùn," ni màmá wí. Ìlà já wálẹ̀.

Oyíndà tẹ̀ lé e. Ìlà tirẹ̀ dúró sí agbedeméjì.

"Mú un wálẹ̀, ọmọ mi. Ìwọ kì í ṣe ẹyẹ."

Irun iwájú orí màmá ti ń ká jọ bí ìyẹ́ adìẹ lẹ́bàá iná. Oyíndà pè é, ó tún un pè, títí ìlà tirẹ̀ fi sùn lé orí ti màmá. Ó wá dijú.

"Olúwa, jẹ́ kí Màmá sùn."

Òórùn náà pòórá. Ojú màmá pa dé, èémí rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́, kò hanrun rárá. Olúsànmí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ibà ti lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

"Dádì, ṣé àdúrà ló ṣe é àbí áàpù?"

Bàbá la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ìlà pupa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó dúró sí àárín, ó fò sókè, ó já wálẹ̀ pátápátá. Ó sinmi. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀: àárín, òkè, ìsàlẹ̀.

Oyíndà fi ẹnu tẹ̀ lé e láìpariwo. O. Yín. Dà.

Orí rẹ̀ wú. Kò sí tíṣà, kò sí ọ̀rẹ́ kan ní gbogbo Queens tó tíì pe orúkọ rẹ̀ gún régé báyẹn rí. Tayọ̀tayọ̀ ló la ẹnu láti jẹ́.

Olúsànmí, ọmọ sáyẹ́ǹsì, fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọmọ rẹ̀ pátápátá.

"Má dáhùn," ó sọ sí i létí.

Ìlà náà tún gbéra láti àárín.