Ògiri, Orúnkún Rẹ̀ àti Ojú Ewé Kẹsàn-án

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ògiri fẹ́ fọwọ́ síwèé àdéhùn tuntun, ayọ̀ ló gba ilé kan. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣe aṣojú rẹ̀, ti ń fun fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ ní Ògiri, torí láti ọdún mẹ́fà tó ti ń gbá ẹ̀yìn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń kọjá lára rẹ̀. Ọkùnrin tí à ń wí yìí ló wá ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí akàn.

"Olówó orí mi, ẹsẹ̀ yẹn tún ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó kàn gan díẹ̀ ni."

Ó ti ń gan láti oṣù mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ apàrora ni Ògiri ń gbà ní kọ̀rọ̀ kó tó wọ pápá, Bàbá Kékeré nìkan ló sì mọ̀.

Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó de akọ̀wé àti dókítà ẹgbẹ́. Ìwé àdéhùn ti wà lórí tábìlì. Nínú ẹbí yìí, ohun tí àgbà bá ti kà, ọmọdé kì í tún un kà lójú rẹ̀. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà téèyàn ń pe àgbà lólè. Bí Ògiri ṣe ti fọwọ́ síwèé àdéhùn mẹ́ta tẹ́lẹ̀ nìyẹn láìka ọ̀kankan nínú wọn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í bá èèyàn ka ìwé.

Nígbà tí ìjókòó sú ìyàwó, ó fa ìwé náà, ó ń ṣí i wò. Ó dúró lójú ewé kẹsàn-án.

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n béèrè níbí bóyá ó ní ìpalára kankan tó mọ̀. Ta ló kọ 'Rárá' síbẹ̀?"

"Èmi ni. Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ọjà nìyí. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, góòlù ni wọ́n ń kà fún un. Ti ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ẹ̀ ni wọ́n ń wò, eré sísá ẹ̀, iye ọdún tó kù nínú àdéhùn ẹ̀, àti bóyá kì í pa ìdíje jẹ. Bí wọ́n bá gbọ́ orúnkún pẹ́nrẹ́n, iye tí wọ́n fẹ́ san já wálẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, sà." Ó kà á síta: bí ìdáhùn bá jẹ́ irọ́, àdéhùn ti bàjẹ́, agbábọ́ọ̀lù yóò dá gbogbo owó tó ti gbà padà, ẹgbẹ́ ò sì ní san owó ìtọ́jú rẹ̀.

Bàbá Kékeré wo ìwé, ó wo àjà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò kà á débẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ síwèé ni ìpín tirẹ̀ máa ń wọlé, ìkánjú ti bò ó lójú.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a," ìyàwó sọ. "Tiwa ò tiẹ̀ ní pé oṣù kan. Ìlera lọrọ̀, sà."

Ẹ̀rù ba Ògiri. Bí akọ̀wé àti dókítà ṣe wọlé, ó dìde. "Dókítà, orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ apàrora ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù."

Akọ̀wé fi ìdérí dé bírò rẹ̀ padà. Dókítà mú Ògiri lọ ya fọ́tò inú orúnkún. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi dúró. Fáànù kọjú sí Bàbá Kékeré, síbẹ̀ òógùn bò ó.

"Nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín egungun ló ya díẹ̀," dókítà wí nígbà tó dé. "Iṣẹ́ abẹ kékeré àti ìsinmi oṣù mẹ́rin, wàá tún gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ìrora ni ara fi ń kìlọ̀ fúnni. Abẹ́rẹ́ yẹn ò wo nǹkan kan sàn, ńṣe ló ń pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́. Ká ní o fi oṣù méjì kún un ni, bóyá bọ́ọ̀lù ì bá ti parí fún ọ."

Ìyàwó bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ògiri mí kanlẹ̀. Ara tu èmi tí mò ń ròyìn pàápàá.

Inú akọ̀wé ò dùn, kò sì fi pa mọ́. "A ò lé ọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tó wà nínú àdéhùn yìí ti di méjì, ìdajì owó oṣù lo sì máa gbà títí wàá fi padà sórí pápá. Àwa la máa san owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ gbé ìwé tuntun relé, kí ẹ fi han agbẹjọ́rò tiyín, kì í ṣe tiwa."

Bàbá Kékeré ṣí fìlà. "Ọmọ mi, mo ṣì í ṣe. Wá ẹni tó mọ òfin iṣẹ́ yìí. Èmi á máa fi àdúrà tì ọ́ lẹ́yìn."

"Ẹ ó tún máa bá mi gbé ọ̀pá tí mo máa fi rìn, sà," Ògiri fèsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà ò lè mú un mọ́ra.

Ògiri ka ìwé tuntun náà tán kó tó fọwọ́ sí i, ó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì pa àṣekágbá ìdíje ọdún náà jẹ. Ibi tí òun ì bá dúró sí gan-an ni ẹgbẹ́ kejì ti gbá góòlù wọlé, ó sì dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù karùn-ún pé, ó sáré yí pápá ká láìgba abẹ́rẹ́ kankan.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wakọ̀, tí ẹ̀ ń ru ẹrù, tí ẹ̀ ń dúró nídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́: ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ yára, ẹ bi í pé kí ló ń lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó fẹ́ràn yín tó, bá yín dáhùn ìbéèrè nípa ara yín. Ibi tó bá ń dùn yín lónìí, ẹ lọ sọ ọ́ fún dókítà lónìí.