Dísìkì Tí N Kò Pa Dé

Kí Sìmbíátù tó kí mi ló ti gbé àpótí irin kan lé orí tábìlì mi. Ó wo àwọn ẹ̀rọ tí mo tú palẹ̀ káàkiri ṣọ́ọ̀bù, ó wo àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké tí mo tò sínú ìdérí ike, ó wá mi orí.

"Ẹ̀yin lẹ tú gbogbo èyí? Ṣé ẹ máa lè tò ó padà?"

"Èyí tí mi ò bá lè tò padà, mi ò kì í tú u."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, bùròdá. Ẹ káàsán. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń gbé fídíò àtijọ́ sórí dísìkì."

Kande, tó ń din kòsáì, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu ọ̀nà mi, ti gbọ́ ẹ̀rín. Ó pariwo ní èdè Hausa pé, "Malam, amarya ta zo!" Ìyàwó tuntun ti dé, ló ń wí. Ojú tì mí. Ojú kò ti Sìmbíátù. Ó ní kí Kande kọ́kọ́ fún ìyàwó ní kòsáì jẹ ná.

Ọdún 2006 nìyẹn, ní Tudun Wada, nínú ìlú Sókótó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Ibraheem lorúkọ mi. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́ fídíò. Mo kàn ń tú èyí tó bá bàjẹ́, mo ń wo ohun tó ń yí ohun mìíràn, títí ó fi yé mi. Ọdún tó ṣáájú ni mo ra rẹkọ́dà kan tó ń gba àwòrán láti inú káṣẹ́ẹ̀tì sórí dísìkì. Ẹ̀rọ ilé lásán ni, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń gba eré bọ́ọ̀lù pamọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ọba ṣe ń fẹ́ràn ẹṣin.

Káṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà nínú àpótí náà. Sìmbíátù fọwọ́ pa wọ́n lórí.

"Màmá mi ló wà nínú wọn," ó ní. "Mi ò tíì gbọ́ ohùn wọn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá."

Ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí. Husseinat lorúkọ màmá rẹ̀. Sókótó níbí ló kú sí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n sì sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe là á kalẹ̀. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Kí ìròyìn tó dé Ìlọrin, ilẹ̀ ti gbẹ lórí sàréè. Ìyá tó bí i kò rí i kẹ́yìn.

"Ọdún kẹwàá rèé tí Ìyá Àgbà ń sọ ọ́, pé wọn ò fi ojú ọmọ àwọn han àwọn. Wọ́n ti darúgbó gan-an. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ẹ̀rọ dísìkì nílé. Bùròdá, ohun tí mo fẹ́ ò ju ìyẹn lọ: kí Ìyá Àgbà rí ọmọ wọn kí wọ́n tó lọ."

Mo ṣí káṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Téèpù inú rẹ̀ ti bu, funfun kan bíi ìyẹ̀fun lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀ kí n nù wọ́n, kí ó padà wá ní Sátidé, nítorí láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé.

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé kánjú. Fídíò tó bá gba wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta náà ni yóò fi kọjá sórí dísìkì. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Sìmbíátù kò sì fẹ́ gbogbo rẹ̀. Ibi tí màmá rẹ̀ bá wà nìkan ló fẹ́, kí Ìyá Àgbà má baà sùn lọ kí wọ́n tó kàn án. Nítorí náà, ó ní láti jókòó tì mí. Bí màmá rẹ̀ bá yọ, yóò ní, "Wọ́n nìyẹn!" èmi yóò tẹ rẹkọ́dà. Bí wọ́n bá kúrò, yóò ní, "Wọ́n ti lọ," èmi yóò dá a dúró. Ìlẹ̀kùn a máa ṣí sílẹ̀ gbayawu, Kande a sì máa ṣọ́ wa bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́.

Sátidé kejì la kan wálímọ̀ Kùránì tí wọ́n ṣe fún Sìmbíátù ní Ìlọrin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Màmá rẹ̀ ń tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlàkẹ́ mi, dúró dáadáa."

Sìmbíátù kò sọ pé "wọ́n nìyẹn." Omi ojú rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àlàkẹ́ mọ́," ó ní nígbà tó yá.

Mo dá káṣẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn. Ó tún gbọ́ ọ. Mo tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni n kì í fẹ́ kí téèpù àtijọ́ fara gbo orí ẹ̀rọ lásán.

Lórí káṣẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni màmá rẹ̀ ti ń nawọ́ sí ẹnìkan tí a kò rí. "Ìyá, ẹ wá jókòó tì mí kí wọ́n yà wá!" Ohùn àgbàlagbà kan sì dáhùn láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pé, "Fi mí sílẹ̀ jàre. N ò wé gèlè."

"Ìyá Àgbà nìyẹn!" Sìmbíátù ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Wọn ò jáde títí tí wọ́n fi yà á tán."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Àlàkẹ́. Ó béèrè oríkì tèmi. Mo ní Àdìó ni. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní ó dùn lẹ́nu. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára bí iná ṣe ń wọ ẹ̀rọ: o kò rí i, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan tó ti dúró bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Sátidé kẹta, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Alhaji Màmúdù ni, tó ń ta àwo àti ìkòkò ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú náà.

"Ará Ògbómọ̀ṣọ́!" ó ní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba gbogbo ọjà lọ́wọ́ wa tán, ó tún wá ku ọmọ wa?"

"Bàbá!" Sìmbíátù fi ìbòrí bojú.

Ó jókòó wo ìyàwó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ tó fi kọjú sí ògiri. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Bùsírátù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ń wí ní Ìlọrin pé ará ilé la ó fi ọmọ yìí fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú Husseinat sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí ló wà lọ́wọ́ mi tí mi ò lè fún un?"

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ẹnu mi ló kù tí kò ṣí. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, mo máa ń yí i wò lọ́wọ́ títí, bí ẹni ń wá nọ́ọ̀tì tí yóò kọ́kọ́ tú.

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé kẹrin dé, káṣẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn sì parí. Sìmbíátù ń wo ilẹ̀.

"Ó tán nìyẹn, Àdìó. Kí ni n óò tún máa wá ṣe níbí? Bàbá mi ò lè jẹ́ kí n máa wá jókòó lásán ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. N kò sọ ọ́. Ohun tí mo ṣe rèé.

Irú dísìkì tí a lò, èèyàn lè máa fi àwòrán kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n rẹkọ́dà tó kọ ọ́ nìkan ló lè kà á. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, a ó pàṣẹ fún rẹkọ́dà kí ó pa á dé. Ìlà funfun kan yóò rìn lójú tẹlifíṣọ̀n láti òsì lọ sí ọ̀tún. Bí ó bá ti kún, dísìkì náà ti di ti gbogbo ayé. Ẹ̀rọ gbogbo ló lè kà á, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ohunkóhun kún un mọ́.

N kò pa á dé. Mo yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fi í sínú páálí, mo fún un. Mo rò ó pé yóò fi sí ẹ̀rọ wọn nílé bàbá rẹ̀ ní Kofar Rini, ẹ̀rọ yóò ní òun kò rí nǹkan kan, yóò sì gbé e padà wá. Èmi yóò pa á dé níṣojú rẹ̀, n óò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ jí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pe Sìmbíátù àti bàbá rẹ̀ láti Ìlọrin pé ara Ìyá Àgbà kò yá. Kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́ dáadáa, àwọn méjèèjì ti wà lójú ọ̀nà. Kò ráyè wo dísìkì.

Òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni fóònù mi dún.

"Àdìó, dísìkì yìí ò ṣe o! Ẹ̀rọ ń sọ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀." Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìyá Àgbà ti jókòó. Wọn ò jókòó láti ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká gbé àwọn dìde. Wọ́n ní ká wé gèlè fún àwọn, pé lọ́tẹ̀ yìí, kí Husseinat má bá àwọn lórí lásán. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ̀rọ tiyín ni kò mọ̀ ọ́n kà," mo ní. Irọ́ ni. "Mò ń gbé rẹkọ́dà mi bọ̀."

Mo tú wáyà, mo fi aṣọ wé rẹkọ́dà, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀. A sùn sí Kontagora, nítorí awakọ̀ kò fẹ́ rin òru. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti ń rọ̀ kí n tó dé àdúgbò wọn ní Ìlọrin. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹní tí wọ́n tẹ́ síta àti búùtà tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà kú. Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni wọ́n sin wọ́n.

Bùsírátù ló kọ́kọ́ rí mi, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ wá wo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ní mi ò fẹ́! Láti Sókótó! Ibraheem, mo ti gbà. Mo gbà níwájú gbogbo èèyàn."

Alhaji dì mọ́ mi. "Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, kí àwọn èèyàn rẹ wá rí wa," ó ní sí mi létí.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo kan ní láti pa ẹnu mọ́ ni.

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn rí Husseinat. Mo so wáyà mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá. Sìmbíátù nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn yòókù ń gba àwọn èèyàn lálejò níta. Mo fi dísìkì sí i, mo pàṣẹ kí ó pa á dé. Ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Kí nìyẹn ń ṣe?" ó béèrè.

Mo lè sọ pé mò ń tún un ṣe. Yóò gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀ tó wú fún ẹkún, n kò lè ṣe é. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ń wo ìlà náà títí ó fi kún.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà?"

"Ìṣẹ́jú méjì."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀. Mo fẹ́ kí o padà wá, Àlàkẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

"Ẹ̀ bá kàn ní kí n padà wá." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ṣé ẹ rò pé mi ò ní wá ni? Wọ́n jókòó lórí àga yẹn, Àdìó. Àti gèlè. Wọ́n ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n tó dúdú, wọ́n ní, 'Husseinat ò tíì jáde ni?' Mo ní, 'Ó ń bọ̀, Ìyá.' Wọn ò jẹ́ ká tú gèlè náà títí ilẹ̀ fi ṣú."

Mo yíjú sí àga náà.

"Mi ò ní sọ fún àwọn ará ilé," ó ní. "Wọ́n ti fẹ́ràn yín. Mo ti dárí jì yín náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí yín nínú ilé lójoojúmọ́, àga yẹn ni n óò máa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá."

Àwọn tó wà níta rọ́ wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́. Husseinat nawọ́ sí ìlẹ̀kùn, ó ní kí ìyá òun wá jókòó ti òun. Nígbà tí ohùn arúgbó náà dáhùn pé òun kò wé gèlè, gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sunkún. Sìmbíátù nìkan ni kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ dé ilé o, bùròdá Ibraheem," ó ní. Kò pè mí ní Àdìó mọ́.

Kò padà sí Sókótó. Ó gba iṣẹ́ tíṣà ní Ìlọrin. Mo gbé àpótí irin náà padà fún Alhaji ní Kofar Rini. "Ibraheem, ọjọ́ kẹjọ ti kọjá o," ó ní. "Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn rẹ mà wúwo." Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bá ọ̀nà mi lọ. Kande béèrè fún oṣù mélòó kan pé, "Malam, ina amarya?" Ìyàwó dà? Mo ní ìyàwó ti lọ sílé. Nígbà tí mo gbọ́ ní ọdún 2008 pé Sìmbíátù ti lọ sílé ọkọ lóòótọ́, Kande kò béèrè mọ́.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Oníbàárà tó bá fẹ́ dìde, mo máa ń ní kí ó tún jókòó, ó ku ìṣẹ́jú méjì. A ó jọ máa wo ìlà funfun náà títí yóò fi kún. Àwọn kan máa ń kùn pé ó pẹ́ jù.