Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ìkòkò tó fọ́ túútúú ni Yésúfù kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí Mùjíbátù amọ̀kòkò tó lóṣòó sẹ́bàá ọ̀nà Lálúpọn, amọ̀ dé ìgbúnwọ́ rẹ̀, tó di ọmọ tó fọ́ ìkòkò náà mú pẹ̀lẹ́ bí ẹni di ẹyin mú. Ọdún tí ogun Ìjàyè parí ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án! Ọmọ mi ni."

"Ta ló fẹ́ nà án?" Mùjíbátù yíjú sí ọmọ náà. "Ṣé inú ló ń bí ẹ ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà ẹ́?"

"Ìyá mi ò tíì tọjà dé," ni Hàjàrá, ọmọ náà, wí.

Yésúfù doríkodò. Ìyá ọmọ náà ti kú, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í túfọ̀ fọ́mọdé, wọ́n ní ọjà ló lọ. Obìnrin yòówù tó bá ru ẹrù bọ̀, Hàjàrá á sáré pàdé rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìyá rẹ̀, ohun tó bá sún mọ́ ọn á fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìkòkò kì í tó lò nílé Yésúfù mọ́; òun àti Hàjàrá kò yé lọ ra òmíràn lọ́dọ̀ Mùjíbátù.

"Ìgbà wo lẹ ó ra ìkòkò dà?" Mùjíbátù bi í.

"Títí ẹ ó fi rẹ́rìn-ín sí mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sì kọ́ Hàjàrá: "Bínú bá ń bí ẹ, gún amọ̀. Bínú ẹ bá bàjẹ́, wá jókòó tì mí."

Nígbà tí Yésúfù ní òun fẹ́ ẹ, Mùjíbátù ní, "Èmi náà fẹ́ yín. Ṣùgbọ́n n ò ní wọ ilé tí wọ́n ti ń purọ́ fọ́mọ. Á rò pé èmi ni mo gba àyè ìyá òun."

Ìyá Yésúfù fárígá. "Wá ìyàwó mìíràn!"

"Ẹ má bínú, ìyá mi," Yésúfù dọ̀bálẹ̀. "Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún Hàjàrá."

Ó mú Hàjàrá dé ibojì ẹ̀yìnkùlé. "Ìyá rẹ kú, ọmọ mi. Wọn ò lọ sọ́jà."

Ọmọ náà ké, ó ń lù ú láyà. Yésúfù kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tó rẹ ọmọ náà, ó béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ wọ́n ni wọ́n fi lọ?"

Ìyá àgbà, ìyá Yésúfù, gbọ́ ìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wọ́n, ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà gbé igbá omi tí wọn yóò fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Hàjàrá nawọ́ gbà á. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ilé pé ó máa fọ́ ọ.

"Inú mi ṣì bàjẹ́," ni ọmọ náà wí.

"Mo mọ̀," Mùjíbátù dáhùn.

"Ẹ na ẹsẹ̀ yín."

Ó rọra da omi náà sí i.